Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Kúrọ́ọ̀sì Ṣáàfù Ọkọ̀ Akẹ́rù, àti Bí A Ṣe Ń Fún Un Ní Gírísì

Púpọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó tẹ̀dó sí Bukuru, sí Jos àti sí gbogbo agbègbè Plateau ló jẹ́ pé ọkọ̀ la fi ń jẹun. Ẹni tí kì í wakọ̀, ó ń tún un ṣe. Ẹni tí kì í tún un ṣe, ọjà rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ ṣe yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ohun kékeré kan tó lè gba inú àtẹ́lẹwọ́ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ó lè dá ọkọ̀ ńlá dúró lójú ọ̀nà, ó sì lè pa ènìyàn. Orúkọ tí àwa mẹkáníìkì ń pè é ni kúrọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan láàárín wa ní ọkọ̀ Mercedes 911 àtijọ́ kan tó ń kó ànàmọ́ òyìnbó láti Bokkos lọ sí Abuja. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí awakọ̀ ti ń gbọ́ ariwo kan lábẹ́ ọkọ̀, bí ìgbà tí ẹyẹ kékeré bá ń ké. Ó ní òun yóò wò ó tí òun bá dé. Ó dé, kò wò ó; ẹrù mìíràn ti ń dúró. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní Hawan Kibo, kúrọ́ọ̀sì já. Ṣáàfù jábọ́ ní ẹnu kan, ó ń nà abẹ́ ọkọ̀ bí ẹni ń fi òòlù na páànù, ó sì gé páìpù búréèkì. Ọlọ́run ló yọ wọ́n: awakọ̀ fi ọkọ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ òkè, ó dúró. Ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kán, ìdajì ẹrù náà sì bàjẹ́ lójú òjò kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn kó o. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi, mo tú kúrọ́ọ̀sì náà wò. Gírísì kankan kò sí nínú rẹ̀, àfi ìyẹ̀fun ìpáta pupa. Owó kúrọ́ọ̀sì tuntun lọ́jọ́ náà kò tó owó àpò ànàmọ́ kan.

Kì í ṣe pé awakọ̀ náà jẹ́ ènìyàn búburú. Kò mọ ohun tí ariwo yẹn ń sọ fún un ni. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹni tó gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ lè mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni.

KÍ NI KÚRỌ́Ọ̀SÌ, KÍ SÌ NI IṢẸ́ RẸ̀?

Iwájú ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù wà, ẹ̀yìn sì ni táyà tó ń tì í lọ wà. Agbára ẹ́ńjìnnì yóò gba inú gíábọ́ọ̀sì kọjá, yóò wọ inú ọ̀pá gígùn kan tí a ń pè ní ṣáàfù tàbí pùròpẹ́là, ọ̀pá yìí ni yóò sì gbé e dé ásùlù ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí wò: gíábọ́ọ̀sì dúró sójú kan lára férémù ọkọ̀, àmọ́ ásùlù ẹ̀yìn orí sípíríńgì ló wà, kò sì sí kòtò tó kọjá tí kì í gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ pé a de ọ̀pá náà mọ́ ẹnu méjèèjì gbọin-gbọin, kòtò àkọ́kọ́ ni yóò kán an. Ó nílò oríkèé, bí ọwọ́ wa ṣe ní ọrùn ọwọ́. Oríkèé yẹn ni kúrọ́ọ̀sì.

Ẹ mú ọ̀kan lọ́wọ́ kí ẹ wò ó. Irin ni, ó ní apá mẹ́rin bí àmì ìròpọ̀. Ife irin kékeré kan dé apá kọ̀ọ̀kan lórí. Nínú ife kọ̀ọ̀kan, àwọn irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ tò yíká. Abẹ́rẹ́ gan-an la sì ń pè wọ́n. Àwọn abẹ́rẹ́ yìí ló ń yí lórí apá kúrọ́ọ̀sì kí irin má baà máa ha irin. Ife méjì wọ inú ọwọ́ méjì tó wà lórí ṣáàfù, ife méjì yòókù wọ ọwọ́ méjì tó wà lórí ohun tí ṣáàfù fẹ́ bá ṣe pọ̀.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Nígbà tí Gerolamo Cardano, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì tí wọ́n bí ní 1501, kọ̀wé nípa irú oríkèé báyìí, kò sí mọ́tò kankan láyé. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn Faransé fi ń pe nǹkan yìí, ìdí nìyí tí mẹkáníìkì ní Kútọnú àti Lomé fi ń pè é ní kádàn. Robert Hooke ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ṣiṣẹ́ lé e lórí láàárín 1660 sí 1680. Nígbà tí mọ́tò dé, ṣéènì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbé agbára lọ sẹ́yìn, bí ti kẹ̀kẹ́ ológeere, títí Clarence Spicer ní Amẹ́ríkà fi gba ìwé àṣẹ lórí oríkèé ti mọ́tò ní 1903. Orúkọ Spicer yẹn ṣì wà lára páálí kúrọ́ọ̀sì títí dòní.

ÌDÍ TÍ OJÚ ṢÁÀFÙ FI GBỌ́DỌ̀ DỌ́GBA

Apá yìí ṣòro díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí òun ló ń da ọ̀pọ̀ ọ̀gá láàmú.

Bí ọ̀pá méjì bá ṣe pọ̀ mọ́ kúrọ́ọ̀sì kan, tí èkejì sì tẹ̀, èkejì kì í yí ní ìwọ̀n kan náà bí ti àkọ́kọ́. Nínú yíyípo kan ṣoṣo, yóò sáré lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Bí títẹ̀ náà bá jẹ́ dígírì 10, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tó ń sáré àti ìgbà tó ń fà jẹ́ bíi 3 nínú 100. Bó bá di dígírì 20, kì í ṣe 6 ni yóò jẹ́ o, bíi 12 nínú 100 ni. Títẹ̀ di ìlọ́po méjì, wàhálà di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ṣáàfù bá ń yí ní ìgbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 40 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò sì gbọ̀n ní ìgbà 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ẹ fojú inú wo ohun tí ìyẹn lè ṣe fún bẹ́ríìn gíábọ́ọ̀sì.

Báwo ni wọ́n ṣe yanjú rẹ̀? Kúrọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n lò. Ohun tí ti iwájú bá bàjẹ́, ti ẹ̀yìn ni yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn yìí ní àdéhùn méjì. Èkíní ni pé ọwọ́ tó wà ní orí ṣáàfù níwájú àti ọwọ́ tó wà ní ẹ̀yìn ṣáàfù kan náà gbọ́dọ̀ kọjú sí ibì kan náà. Bí ti iwájú bá dùbúlẹ̀, kí ti ẹ̀yìn náà dùbúlẹ̀. Èkejì ni pé títẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn tó ń fi ewé sípíríńgì kún sípíríńgì kí ọkọ̀ lè gbé ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ kì í rántí àdéhùn kejì yìí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ á ga, títẹ̀ ṣáàfù á yí padà, kúrọ́ọ̀sì á sì máa jẹ lemọ́lemọ́, wọ́n á wá máa bú ẹni tó ta pátì fún wọn.

Kí ṣáàfù má tẹ̀ rárá náà kò dára. Ó yẹ kó tẹ̀ díẹ̀, kí abẹ́rẹ́ lè máa yí. Bí wọ́n bá dúró sójú kan lábẹ́ ẹrù wúwo, wọ́n á gbẹ́ ojú apá kúrọ́ọ̀sì bí ẹni fi èékánná tẹ ọṣẹ.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN ÀWA ARÁ BUKURU

Ìlú kùsà ni Bukuru, ọkọ̀ sì ti ń ru ẹrù níhìn-ín tipẹ́tipẹ́. Ojú irin kékeré tó wá láti Zaria dé Plateau ní 1914 nítorí kùsà. Nígbà tí wọ́n tì í pa ní 1957, ojú irin ńlá tó gba Kafanchan àti ọkọ̀ akẹ́rù ló kù. Ẹ̀yin àgbà wa ẹ rántí Bedford TK, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1959, àti Mercedes 911 tó tẹ̀ lé e. A ṣì ń rí irú àwọn àgbà ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń ru yanrìn, igi àti ẹran. Ọkọ̀ rere ni wọ́n, nítorí pé ohun gbogbo lára wọn ló ṣeé tú, ó sì ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ṣeé tún ṣe, ó di dandan kí a máa tún un ṣe.

Ilẹ̀ wa yìí kò sì ṣàánú kúrọ́ọ̀sì. A wà lórí òkè tó ga ju mítà 1,200 lọ sí òkun. Ibikíbi tí ọkọ̀ bá fẹ́ lọ láti ibí, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì padà gòkè pẹ̀lú ẹrù. Nígbà ọyẹ́, eruku á wọ ibi gbogbo. Nígbà òjò, ọkọ̀ tó ń lọ sí oko á la odò kékeré kọjá, omi á sì wọ inú ife. Eruku ń lọ irin, omi ń mú ìpáta wá. Gírísì nìkan ló dúró láàárín wọn.

BÍ A ṢE Ń MỌ̀ PÉ KÚRỌ́Ọ̀SÌ TI Ń BÀJẸ́

Ẹ fetí sí àmì mẹ́rin yìí:

1. Igbe bí ti ẹyẹ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́. Èyí ń sọ pé gírísì ti tán. Bí ẹ bá gbọ́ ọ ní kùtùkùtù, gírísì lè gbà á là.
2. Ìró "kó!" nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, tàbí nígbà tí a bá kúrò ní gíá iwájú bọ́ sí ti ẹ̀yìn. Àyè ti wà nínú ife nìyẹn. Gírísì kò lè wò ó sàn mọ́.
3. Kí ọkọ̀ máa gbọ̀n ní ìwọ̀n eré kan, kó sì dáwọ́ dúró tí eré náà bá yí padà.
4. Ìyẹ̀fun pupa yíká ẹnu ife. Ìpáta ni. Ẹ má ṣe ìdúró-ọ̀la.

Láti mọ̀ dájú, ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi igi wẹ́ẹ̀jì dí táyà iwájú méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gíá wà ní fìríì, kí ẹ sì tú búréèkì ọwọ́ sílẹ̀ kí ṣáàfù lè wà láìsí ohun tó dì í mú. Ẹ fi ọwọ́ kan di ṣáàfù mú, kí ẹ fi èkejì di ohun tó wà ní òdìkejì kúrọ́ọ̀sì mú, kí ẹ yí wọn síra. Ẹ tún gbé e sókè sódò. Bí kúrọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ bá mì nínú ife, bó ti wù kó kéré tó, ó ti parí. Kí gbogbo ṣáàfù yí díẹ̀ lápapọ̀, àyè tó wà láàárín eyín gíá ásùlù nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀bi kúrọ́ọ̀sì.

KÍ O TÓ WỌ ABẸ́ ỌKỌ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ibí yìí ni kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé tí gíá bá wà nínú ẹ̀kíní, ọkọ̀ kò lè lọ. Òótọ́ ni, níwọ̀n ìgbà tí ṣáàfù bá wà níbẹ̀. Ṣáàfù ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà. Lọ́jọ́ tí o bá yọ ọ́, gíá kò di ohunkóhun mú mọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, bí àgbà Land Rover, búréèkì ọwọ́ gan-an kò sí lára táyà. Ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì ló wà, ṣáàfù ló sì ń dì mú. Bí bọ́ọ̀tì ìkẹyìn bá ti jáde, ọkọ̀ á bọ́ lọ́wọ́ gíá, á sì bọ́ lọ́wọ́ búréèkì lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ kan tó yí jáde lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí táyà ti fẹ́ gun èjìká rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, mo fi sí gíá o!" Mo ní, "Ọmọ mi, gíá wo ni o fi sí nígbà tí ṣáàfù wà lọ́wọ́ rẹ?" Láti ọjọ́ náà, òfin tèmi ni pé ẹni tó fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò fi igi wẹ́ẹ̀jì dí táyà. Kò ní rán ẹlòmíràn. Bí jáàkì bá gbé ọkọ̀ sókè, kí ọkọ̀ jókòó sórí ìdúró irin tàbí igi ńlá tó le. Bíríkì kì í ṣe ìdúró, ó lè fọ́ lójijì.

BÍ A ṢE Ń YỌ Ọ́

Kí bọ́ọ̀tì kankan tó tú, ẹ fi ṣísù tàbí ọ̀dà sàmì sí ara ṣáàfù àti sí ara ohun tó dè é mọ́, níwájú, lẹ́yìn, àti ní àárín níbi tí ṣáàfù ti ń wọ inú ara rẹ̀. Ibi àárín yìí ní eyín gígùn. Bí ẹ bá dá a padà sí eyín mìíràn, ojú ọwọ́ méjèèjì kò ní dọ́gba mọ́, ẹ ó sì ra gbígbọ̀n fún ara yín. Ilé iṣẹ́ máa ń lu àmì ọfà sí i, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ àtijọ́, ìpáta ti máa ń jẹ ẹ́.

Ẹ fi okùn so ṣáàfù rọ̀ mọ́ férémù, nítorí ó wúwo. Ẹ tú ti ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà sẹ́ńtà bẹ́ríìn bí ó bá ní i, kí ẹ tó tú ti iwájú. Ẹ má fi orí yín sí abẹ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ gbé e jáde wá síta, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ẹnu ife mọ́, kí ẹ yọ sákílíìpù. Bó bá le, ẹ kan ife náà wọlé díẹ̀, á sì dẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá mìíràn kì í lo sákílíìpù, irin pẹlẹbẹ tí bọ́ọ̀tì méjì dè ni wọ́n ń lò. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e sí ẹnu fáìsì. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan, tó kéré díẹ̀ ju ife lọ, ti ife kan wọlé. Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan wà ní òdìkejì láti gba ife tó ń jáde. Bí fáìsì ṣe ń há, ife á máa yọ jẹ́jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá fi òòlù ńlá lu ọwọ́ ṣáàfù, tàbí tó fi iná wẹ́dà sun ún, yóò tẹ̀ ẹ́, kúrọ́ọ̀sì tuntun kò sì ní gbé inú rẹ̀ pẹ́.

BÍ A ṢE Ń RÀ Á, BÍ A SÌ ṢE Ń FI Í SÍBẸ̀

Ẹ mú ògbólógbòó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta pátì. Ohun méjì ni kí ẹ wọ̀n: fífẹ̀ ife, àti gígùn láti ẹ̀yìn ife kan dé ẹ̀yìn ife òdìkejì. Orúkọ ọkọ̀ nìkan kò tó, nítorí ọkọ̀ àtijọ́ ti lè gba ṣáàfù ọkọ̀ mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ṣáájú. Ẹ ṣí ife, ẹ wo bóyá abẹ́rẹ́ pé, bóyá ojú apá kúrọ́ọ̀sì dán, bóyá rọ́bà ẹnu rẹ̀ kò ya. Kúrọ́ọ̀sì àti ife rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la ń rà pọ̀. Ẹ má fi ife àtijọ́ dé kúrọ́ọ̀sì tuntun.

Ẹ fọ ihò ọwọ́ ṣáàfù mọ́ títí yóò fi dán. Ẹ fi gírísì díẹ̀ pa inú ife yíká, kí ó lè di àwọn abẹ́rẹ́ mú ní ìdúró. Ẹ gbé kúrọ́ọ̀sì sí àárín, kí ibi tí nípù gírísì wà kọjú sí ibi tí ẹ̀rọ gírísì yóò lè dé. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ti ife kan wọlé díẹ̀, ẹ fa kúrọ́ọ̀sì sínú rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ má ṣubú, kí ẹ tó ti ife òdìkejì wọlé.

Bí ó bá ku díẹ̀ tí sákílíìpù kò sì fẹ́ wọ ojú ihò rẹ̀, ẹ dúró! Abẹ́rẹ́ kan ti ṣubú sí ìsàlẹ̀ ife. Ẹ má fi agbára tì í. Ẹ yọ ọ́, ẹ tò ó padà. Nígbà tí sákílíìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti wọlé, ẹ fi òòlù kékeré kan ọwọ́ ṣáàfù fẹ́ẹ́rẹ́ kí ife lè jókòó dáadáa. Kúrọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lè yí sí ìhà gbogbo pẹ̀lú ọwọ́, láìdúró lójú kan, láìmì.

Ẹ gbé ṣáàfù padà, kí àmì tí ẹ ṣe pàdé ara wọn. Bí ṣáàfù bá jẹ́ alápá méjì, ẹ tún wo apá ẹ̀yìn tó ní kúrọ́ọ̀sì méjì: kí ojú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Bọ́ọ̀tì ṣáàfù kì í ṣe bọ́ọ̀tì ilẹ̀kùn. Ẹ wo orí rẹ̀. Bọ́ọ̀tì tó lágbára máa ń ní nọ́ńbà bíi 8.8 tàbí 10.9, tàbí ìlà kéékèèké lórí. Irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi síbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tuntun. Lẹ́yìn nǹkan bíi 100 kìlómítà, ẹ padà wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi sípánà kan gbogbo wọn wò.

BÍ A ṢE Ń FÚN UN NÍ GÍRÍSÌ

Gírísì tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ni ti lithium nọ́ńbà 2, èyí tí wọ́n kọ EP sí lára. Ó túmọ̀ sí pé ó lè gba ẹrù wúwo. Ẹ má da irú gírísì kan pọ̀ mọ́ òmíràn láìmọ̀, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá pàdé, wọ́n á di omi, wọ́n á sì ṣàn jáde. Ọ́ìlì dúdú tí a tú lára ẹ́ńjìnnì kì í ṣe gírísì. Ṣáàfù tó ń yí yóò fọ́n ọn dànù kí ọkọ̀ tó kúrò ní ìlú.

Ẹ nu ẹnu nípù mọ́ kí ẹ tó fi ẹ̀rọ gírísì sí i. Ẹni tí kò bá nù ún, eruku ni yóò kọ́kọ́ fún wọlé. Ẹ fún un jẹ́jẹ́ títí gírísì tuntun yóò fi yọ ní ẹnu ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ kà wọ́n: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Mẹ́ta kò tó. Ife tí gírísì kò yọ níbẹ̀ ni yóò pa yín lára lọ́la. Ẹ mi ṣáàfù sókè sódò, kí ẹ tún fún un. Bó bá kọ̀, ẹ tú u wò. Bí ohun tó jáde bá pupa tàbí tó ní omi nínú, ẹ fún un títí yóò fi mọ́, kí ẹ sì yẹ kúrọ́ọ̀sì náà wò bóyá ó ń mì.

Ẹ má gbàgbé ibi tí ṣáàfù ti ń wọ inú ara rẹ̀. Òun náà ní nípù. Ẹ fún un títí gírísì yóò fi yọ ní ihò kékeré tó wà lórí ìdérí rẹ̀, kí ẹ fi ìka dí ihò náà, kí ẹ tún fún un títí yóò fi yọ ní ẹnu rọ́bà.

Ìgbà wo ni ká máa ṣe é? Ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Ní ti ojú ọ̀nà wa yìí, èmi máa ń ṣe é ní gbogbo 5,000 kìlómítà tàbí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, àti lọ́jọ́ kejì tí ọkọ̀ bá la odò kọjá. Kò tó ìdajì wákàtí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

1. Kí ni igbe ẹyẹ ń sọ fún awakọ̀, kí sì ni ìró "kó!" ń sọ?
2. Kí nìdí tí gíá kò fi lè di ọkọ̀ mú nígbà tí ṣáàfù bá ti kúrò?
3. Bí títẹ̀ ṣáàfù bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mélòó ni gbígbọ̀n rẹ̀ yóò dà?
4. Kí ni ẹ ó ṣe bí sákílíìpù ìkẹyìn bá kọ̀ láti wọlé?
5. Ibi mélòó ni gírísì gbọ́dọ̀ ti yọ?

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ bi àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní ìbéèrè yìí, kí ẹ má sì ná ẹni tó bá ṣì í. Ẹ mú un wọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ fi hàn án. Ẹ̀yin onímọ́tò, bí awakọ̀ yín bá sọ pé òun gbọ́ ariwo, ẹ má sọ fún un pé kó kọ́kọ́ já ẹrù yìí ná. Bàbá onímọ́tò 911 yẹn ti ra ẹ̀rọ gírísì tirẹ̀ báyìí, inú ọkọ̀ ló ń gbé e sí. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ló ń lò ó. Ó ṣì ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń kà.